Ìtàn Ọ̀rọ̀ Látìn Kan: «Actualis»

Bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọ ara wọn nínú èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń rò pé ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ìtàn ọ̀rọ̀ Látìn yìí, «actualis», kọ́ wa pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

«Agere» ni àwọn ará Róòmù ń pe kí a ṣe nǹkan, tàbí kí a da ẹran síwájú. Inú rẹ̀ ni «actus», èyí tí í ṣe ìṣe, ti jáde; «actus» ni ó sì bí «actualis»: ohun tí ó jẹ mọ́ ìṣe.

Thomas Aquinas, tí ó kú ní ọdún 1274, àti àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà láti ṣàlàyé èrò Aristotle: ohun tí ó ti ṣẹ, tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ó lè ṣẹ. Igi ọsàn inú oko ti di igi. Kóró tí a kò tíì gbìn, agbára àtidi igi nìkan ni ó ní.

Ìtumọ̀ yìí ni Faransé kọ́kọ́ jogún. Nínú ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì, «péché actuel» ṣì ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ dá, kì í ṣe èyí tí a bí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹ lọ́wọ́, ìsinsìnyí ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni «actuel» ṣe di «ti ìsinsìnyí». «Actual» ti Sípéènì, «atual» ti Potogí àti «aktuell» ti Jámánì ní ìtumọ̀ yìí pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ dúró ti ìtumọ̀ àtijọ́: «actual» rẹ̀ ni ohun tí ó wà ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ ìwé fún àwọn àgbà tí ń kọ́ ìwé kíkà. Faransé ni a fi ń kọ ìwé ìjọba ní Benin, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé atúmọ̀-èdè Crowther (1843) àti ti Abraham (1958) fi ṣàlàyé Yorùbá. Bí olùtumọ̀ bá rí «prix actuel du coton», tí ó sì wá «actual» lọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, yóò kọ «iye owó òwú gan-an». Àgbẹ̀ tí ó kà á yóò gbà pé iye náà kò lè yí padà mọ́; bẹ́ẹ̀ «iye owó òwú nísinsìnyí» ni ìwé náà wí. Nítorí náà, kí a tó túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ èdè tí ó ti ń bọ̀.