Windhoek: Bí Ìlú Kan Ṣe Sọ Omi Ìdọ̀tí Di Omi Mímu

Windhoek ni olú-ìlú Nàmíbíà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ lágbàáyé tó kọ́ ilé-iṣẹ́ omi tó ń fọ omi tí aráàlú ti lò tán, tó sì ń dá a padà tààrà sínú páìpù fún mímu. Ọdún 1968 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yìn bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tí àwọn alábòójútó omi ṣe kí ẹ̀rọ tó dé, àti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ló gbé e ró.

Láti ìsun dé kànga-dẹ̀rọ

Ẹ̀bá ìsun omi gbígbóná ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí. Jonker Afrikaner, olórí àwọn Oorlam, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840, wọ́n sì ń fi omi náà bomi rin oko wọn. Nígbà tí àwọn Jámánì dé ní 1890 láti fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ìjọba, ìsun yìí náà ni wọ́n gbójú lé. Bí èrò ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ; bí kànga sì ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ìsun ń gbẹ.

Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 360 lọ, oòrùn sì lè fa omi tó ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po kúrò lójú adágún. Nǹkan bíi kìlómítà 700 ni odò Okavango, tó wà lára àwọn odò tí kì í gbẹ tó sún mọ́ wọn jù, fi jìnnà sí wọn. Wọ́n kọ́ dáàmù Avis ní 1933, wọ́n kọ́ ti Goreangab ní 1958, omi kò tó síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Goreangab

Nígbà náà, Gúúsù Áfíríkà ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ìjọba ìlú Windhoek àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Gúúsù Áfíríkà jọ ṣèwádìí lórí bí omi ìdọ̀tí ṣe lè di mímu. Lucas van Vuuren wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí omi bá ti mọ́ dé ojú òṣùwọ̀n, kò yẹ kí á tún máa bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ní 1968, ilé-iṣẹ́ Goreangab ṣí. Nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 4.8 ló lè fọ̀ lójúmọ́.

Ìpinnu tó ṣe kókó jù ni ti pínpín páìpù. Omi tó ń ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá jáde ń lọ lọ́tọ̀. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló ń lọ sí ibùdó Gammams, níbi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ilé-iṣẹ́ Goreangab. Ìdọ̀tí inú ilé ṣeé mọ̀, ó sì ṣeé fọ̀. Májèlé tí ilé-iṣẹ́ kan lè dà sómi lóru, kò sẹ́ni tó lè sọ irú èyí tí yóò jẹ́.

Àwọn aráàlú kò ṣàì ní ìbẹ̀rù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìlera wọn láàárín 1974 sí 1983, tó jáde ní 1988, kò rí i pé omi yìí ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ipò ìgbé-ayé àwọn ènìyàn ló rí ẹ̀bi kà sí lọ́rùn.

Ìṣọ́ omi lò

Nàmíbíà gba òmìnira ní 1990, èrò sì ń rọ́ wọ ìlú. Ọ̀dá mú wọn gan-an láàárín àwọn ọdún náà. Ní 1994, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí ètò ìṣọ́ omi lò. Owó omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀: bí ènìyàn bá ti lò tó ni iye owó lítà kọ̀ọ̀kan ń ga sí i, kí tálákà lè rí omi tó pọn dandan rà, kí ẹni tó ń bomi rin koríko ọgbà mọ̀ ọ́n lápò. Wọ́n wá ibi tí páìpù ti ń jò, wọ́n sì ya páìpù mìíràn sọ́tọ̀ láti fi omi tí wọn kò fọ̀ dé ti mímu bomi rin pápá ìṣeré.

Ilé-iṣẹ́ tuntun

Àdúgbò tó ń gbèrú lókè odò tó ń ṣàn wọ dáàmù Goreangab ba omi rẹ̀ jẹ́, ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kò sì tó mọ́. Ní 2002, wọ́n ṣí tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó lè fọ lítà mílíọ̀nù 21 lójúmọ́. Kẹ́míkà ló ń mú kí ìdọ̀tí dì pọ̀, atẹ́gùn a gbé e léfòó, yanrìn a sẹ́ ẹ. Gáàsì ósóònù a pa kòkòrò àìfojúrí, èédú a fa èyí tó kù mọ́ra, asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré ju ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn lọ a tún gbà á, kúlórìnì a wá kádìí rẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá kùnà, òmíràn wà lẹ́yìn. Wọn kì í sì í fún aráàlú ní omi yìí nìkan: àdàlù pẹ̀lú omi dáàmù ni, òpin tí wọ́n sì fi sí i ni ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í da omi tó mọ́ padà sínú ilẹ̀ nípasẹ̀ kànga, níbi tí oòrùn kò ti lè fà á. Nígbà tí ọ̀dá 2015 sí 2016 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ àwọn dáàmù tán, omi abẹ́ ilẹ̀ àti èyí tí ilé-iṣẹ́ Goreangab fọ̀ wà lára ohun tó gba ìlú náà là. Ẹni tó da omi síwájú ló tẹ ilẹ̀ tútù.

Ó lé ní ogójì ọdún kí ìlú Big Spring ní Texas tó tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí ní 2013. Ìlú tó bá fẹ́ ṣe bíi Windhoek, kó kọ́kọ́ ya omi ilé-iṣẹ́ sọ́tọ̀, kó dí páìpù tó ń jò, kó sì jẹ́ kí owó omi bá ìlò mu. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni ríra ẹ̀rọ kàn.