Ọfọ̀, Kámẹ́rà àti Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ìran Ìjà Nínú Sinimá Yorùbá

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Lórí ìtàgé, àfojúbà yìí ní ààlà. Bí akọni méjì bá dojú ìjà kọ ara wọn, òṣèré kò lè di ẹyẹ ní ti gidi, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pòórá lójú òǹwòran. Ẹnu ni ó fi ń ja púpọ̀ nínú ìjà náà. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpa bí kámẹ́rà, àti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀, ṣe yí irú ìran bẹ́ẹ̀ padà láti 1976. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ lè fi àbájáde ọ̀rọ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ náà.

2.0 Ìjà Orí Ìtàgé

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba ni Ọba Kò So, eré tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963. Nígbà tí Gbọ̀ọ́nkáà àti Tìmì pàdé, ọfọ̀ ni wọ́n ń pè sí ara wọn títí oorun fi gbé Tìmì lọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Orúkọ ohun tí akọni pè àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e máa ń dún jọ. Láti inú ìdúnjọ yìí ni òǹwòran ti ń gbà pé ohun tí a wí yóò ṣẹ. Etí ni ó kọ́kọ́ gba ìjà náà gbọ́, kí ojú tó gbà á.

3.0 Kámẹ́rà Onífíìmù

Ní 1976 ni Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní 1979, Ìjà Òmìnira jáde láti inú ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ogun àwọn tí a ń ni lára ni ó wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà sì wúlò fún irú ogun bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jìnnà, a ó rí bí ogun ṣe gbòòrò tó. Bí ó bá súnmọ́ tòsí, ènìyàn díẹ̀ yóò kún ojú àwòrán bí ẹni pé wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ní ọdún kan náà ni Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde, níbi tí babaláwo ti dojú kọ àwọn àjẹ́. Ọgbọ́n tí idán sinimá ìgbà náà dúró lé rọrùn: a ó dá kámẹ́rà dúró, òṣèré yóò kúrò lójú kan, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Lójú òǹwòran, ẹni náà ti pòórá. Georges Méliès ti lo ọgbọ́n yìí ní ilẹ̀ Faransé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Ṣùgbọ́n nínú sinimá Yorùbá, ó rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹnu babaláwo ni a kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni a rí ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fà. Ibi tí a ti gé àwòrán kan lẹ́ ara èkejì ni 'nítorí náà' wà. Bí a bá yọ ọfọ̀ kúrò, ìdí kò sí mọ́. Ìyanu lásán ni ó kù.

4.0 Fídíò àti Kọ̀ǹpútà

Òkè òkun ni a ti máa ń fọ fíìmù wọ̀nyí. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1986, owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣèré, wọ́n sì yà sí fídíò. Ẹ̀rọ tí a fi ń to fídíò mú kí ó rọrùn láti ya mànàmáná sí ọwọ́ òṣèré tàbí láti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, ìdẹ̀ra yìí di àléébù: mànàmáná ẹni tí ó tóbi jù ni ó ń borí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jinlẹ̀ jù.

Ọ̀nà mìíràn ni Túndé Kèlání gbà nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ọba tí kò ṣe orò tí ó yẹ kò gbọdọ̀ dé adé kí ìlù ṣaworoidẹ dún. Orí-fífọ́ ni yóò pa á. Òfin yìí ni a ti fi yé òǹwòran ṣáájú, nítorí náà ìlù, adé àti ojú ọba ti tó láti dẹ́rù bà á.

Ní 2022, Kúnlé Afọláyan fi kọ̀ǹpútà dá ẹyẹ àkàlà nínú Aníkúlápó. Ní 2023, nínú Jagun Jagun tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde, igi ń gbọ́ràn sí akọni kan lẹ́nu. Ohun tí kọ̀ǹpútà yóò yà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ya àwòrán. Òfìfo ni òṣèré ń wò. Kí ni ó wá kù fún un? Ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi sí i lẹ́nu. Ó ti padà sí ibi tí Gbọ̀ọ́nkáà àti Tìmì dúró sí ní 1963.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá náà ti ń wo fíìmù wọ̀nyí báyìí, ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kà nísàlẹ̀ àwòrán. Ìtumọ̀ lè gbé èrò ọfọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó gbé ìdúnjọ rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé lè máa gé ọfọ̀ kúrú, kí ó sì fi ohun gbogbo lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ní kíláàsì wa, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbọ́ ìran ìjà kí ó tó wò ó. Bí ìjà náà kò bá dun etí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni yóò tún un ṣe.