Ta Ni Ó Borí Nínú Gbàǹjo Ọdún 2001?

Nígbà tí a bá ń nájà lọ́jà wa, ẹni méjì ni ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọlọ́jà yóò pe iye kan, oníbàárà yóò dín in kù, títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Níbẹ̀, ọlọ́jà kàn jókòó ni, àwọn oníbàárà ni ó ń bá ara wọn jà. Iye tí ẹni tí ó borí yóò san kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìkáwọ́ ẹni tí ó jáde kẹ́yìn ni ó wà. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Gbàǹjo ni ibì kan tí mo mọ̀ tí òwe yìí ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìdákẹ́ gan-an ni èrè.

Àwọn tí ó ń ta káàdì tí à ń pè ní bridge mọ ìṣòro yìí. Nínú eré náà, gẹ́gẹ́ bí Harold Vanderbilt ará Amẹ́ríkà ti tún un ṣe nígbà tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1925, ẹni méjì ni ó ń bá ẹni méjì díje. Kí káàdì àkọ́kọ́ tó bọ́ sílẹ̀, ìhà méjèèjì yóò ti máa fi iye bo ara wọn mọ́lẹ̀: èyí yóò ní ìgbà mẹ́jọ ni àwọn yóò borí nínú mẹ́tàlá, ìkejì yóò ní mẹ́sàn-án ni ti àwọn. Ìhà tí ó bá pe iye tí ó ga jù gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Bí kò bá ṣẹ, yóò san ìtanràn. Nítorí náà, ọ̀jáfáfá òṣèré a máa pe iye tí kò fẹ́, kí ó lè ti alátakò rẹ̀ dé òkè tí yóò ti já bọ́. Àmọ́ bí alátakò bá dákẹ́ lójijì, ẹni tí ó ń ti ènìyàn ni yóò dá ẹrù náà rù.

Irú eré yìí ni wọ́n ṣe ní Àbújá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2001, ṣùgbọ́n owó gidi ni wọ́n fi ṣe é. Láti ọdún 1985 tí wọ́n ti dá NITEL sílẹ̀ ni tẹlifóònù ilẹ̀ wa ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà kí okùn tẹlifóònù tó súnmọ́ ìdajì mílíọ̀nù fún àwọn ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ẹ wo ìlú Port Harcourt. Láti èbúté ibẹ̀ ni epo rọ̀bì Nàìjíríà ti kọ́kọ́ lọ sí òkè òkun ní ọdún 1958. Àwọn ilé iṣẹ́ epo ní ẹ̀rọ rédíò tiwọn tí wọ́n fi ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkun, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ó wà nínú ìlú náà lè retí okùn NITEL fún ọdún púpọ̀ kí ó má rí i.

Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pinnu pé gbàǹjo ni wọn yóò fi ta ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pa owó tí ó ju bílíọ̀nù méjìlélógún pọ́n-ùn lọ. Àjọ NCC, tí Ọ̀gbẹ́ni Ernest Ndukwe jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ìwé àṣẹ mẹ́ta kalẹ̀ fún ilé iṣẹ́ márùn-ún, ó sì ya ìkẹrin sọ́tọ̀ fún NITEL. Olúkúlùkù fi 20 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀. Àjọ náà ni yóò kéde iye kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 mílíọ̀nù dọ́là. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ bóyá òun ṣì wà níbẹ̀ tàbí òun ti jáde. Bí àwọn tí ó kù bá pọ̀ ju ìwé àṣẹ lọ, iye yóò tún gòkè. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí wọ́n lo irú ètò yìí láti ta ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ 19 oṣù náà, ó ku ẹni mẹ́ta: MTN, Econet àti CIL. Iye náà ti di 285 mílíọ̀nù dọ́là.

Ṣé wọn kò ti ra á lọ́wọ́n jù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ìdí sì wà fún un. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ epo mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé pé nínú gbàǹjo ibi ìwakùsà, ẹni tí ó borí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ga ju òtítọ́ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bákan náà ni kò sí ẹni tí ó mọ iye ọmọ Nàìjíríà tí yóò ra tẹlifóònù.

MTN àti Econet san owó wọn pé. CIL, ilé iṣẹ́ Michael Adénúgà, kò san tirẹ̀ títí gbèdéke fi kọjá. Àwíjàre rẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n yàn fún òun kò mọ́ gaara. Àjọ kò gbà. Ìwé àṣẹ bọ́, 20 mílíọ̀nù dọ́là sì bá a lọ. Lójú tèmi, ìpinnu líle ni, ṣùgbọ́n bí àjọ bá ti yẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò tún ka gbàǹjo ìjọba sí?

Kí ọdún náà tó parí, MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, Àbújá àti Port Harcourt. Yíyàn tí wọ́n yan Port Harcourt mọ́ olú ìlú àti Èkó kò yà mí lẹ́nu: ẹni tí ó ti san 285 mílíọ̀nù yóò kọ́kọ́ lọ síbi tí owó wà. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, bí ènìyàn bá sì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sọ̀rọ̀, odindi ìṣẹ́jú ni yóò san.

Adénúgà kò lọ sílé. Ní ọdún 2002, ó gba ìwé àṣẹ mìíràn ní 200 mílíọ̀nù dọ́là ní orúkọ Globacom, ìwé tí agbára rẹ̀ gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Ògún ọdún 2003 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, ohun tí àwọn tí ó ṣáájú ti sọ pé kò tíì ṣeé ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi ṣe é.

Celtel wà lára àwọn tí ó dákẹ́ ní Àbújá nítorí ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2006, ó padà wá ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́ tí Econet dá sílẹ̀, èyí tí ó ti ń jẹ́ Vmobile nígbà náà. Ó ná an ní ohun tí ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ilé iṣẹ́ náà ni a mọ̀ sí Airtel lónìí.

Ó wá ku NITEL, tí kò bá ẹnikẹ́ni díje rárá, tí iye tí àwọn ẹlòmíràn pè sì di iye tirẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀, MTEL, kò rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Ìgbìyànjú láti ta NITEL forí ṣánpọ́n léraléra, títí ilé iṣẹ́ NATCOM fi gbà á ní ọdún 2015: NITEL àti MTEL lápapọ̀, pẹ̀lú ilé, ọ̀pá ìgbóhùn àti ìwé àṣẹ wọn, ní nǹkan bí 252 mílíọ̀nù dọ́là.