Ojú Tí A Fi Ń Wo Àwọ̀: Ìtàn Mọ́nítọ̀ Ẹlẹ́yìn Ńlá àti Mọ́nítọ̀ Pẹlẹbẹ

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn kan sínú ìwé yìí, mo rò pé ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun ni wọ́n fẹ́. Alága ní rárá, kí n kọ nípa iṣẹ́ tí mo mọ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni títo ìwé àti títún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn atẹ̀wé, èyí tí mo ti ń ṣe nílùú Jos yìí láti 1998. Nítorí náà, ohun tí gbogbo wa ń wò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa kì í bi ní ìbéèrè, ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀: ojú kọ̀ǹpútà, tí a ń pè ní mọ́nítọ̀.

Láàárín 2000 sí 2008, kò sí ibi tí àwa oníṣẹ́ àwòrán ti pàdé tí àríyànjiyàn yìí kì í bẹ́ sílẹ̀: èwo ló dára fún iṣẹ́ àwọ̀, ṣé ẹlẹ́yìn ńlá tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni, àbí pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ọmọ òde òní lè rò pé ìbéèrè tí kò nílò ìrònú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Owó àti ìtìjú ni mo fi kọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ibi tí ẹlẹ́yìn ńlá ti wá

Ará Jámánì kan, Karl Ferdinand Braun, ló kọ́kọ́ ṣe irú gíláàsì náà ní 1897, ní ìlú Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Kì í ṣe nítorí àwòrán ló ṣe é. Ó fẹ́ máa fi wo bí iná mànàmáná ṣe ń lọ sókè sódò ni.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú gíláàsì náà tán. Irin kan á máa gbóná ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, á máa tu àwọn ohun kíkéré tí a ń pè ní ẹ̀létírọ́ọ̀nù jáde. Mágínẹ́ẹ̀tì á darí wọn lọ sí iwájú, níbi tí wọ́n ti fi ohun lẹ́búlẹ́bú kan kun inú gíláàsì. Ibi tí ẹ̀létírọ́ọ̀nù bá kọlù níbẹ̀ á tan ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀, oríṣi lẹ́búlẹ́bú mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀: èyí tó ń tàn pupa, èyí tó ń tàn bí ewé, àti èyí tó ń tàn búlúù. Ẹ̀yìn gígùn yẹn kì í ṣe àṣejù. Ọ̀nà tí ẹ̀létírọ́ọ̀nù ń gbà sáré wá síwájú ni.

Irú gíláàsì yìí kan náà ló gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé wa. Àwọn àgbà tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀, rántí àwòrán dúdú àti funfun. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará ilé má fi wá ṣẹ̀sín pé a wà ní òkè ọya: ìlú Jos níbí ni Benue-Plateau Television ti bẹ̀rẹ̀ ní 1974, òun sì ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ń fi àwòrán aláwọ̀ hàn ní gbogbo ìgbà. Ojú àwa ará Jos ti mọ̀ àwọ̀ tipẹ́.

Ní 1968, Sony ti ilẹ̀ Japan gbé Trinitron jáde, èyí tó mọ́lẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá di irinṣẹ́ àwọn atẹ̀wé, mọ́nítọ̀ tó ní Trinitron nínú ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àwọ̀ ń wá kiri.

Ibi tí pẹlẹbẹ ti wá

Ìtàn pẹlẹbẹ tilẹ̀ pẹ́ ju ti ẹlẹ́yìn ńlá lọ, kárọ́ọ̀tì ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kárọ́ọ̀tì bí irú èyí tí a ń rà ní Farin Gada! Ní 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Prague, ń yẹ ohun kan tó mú jáde láti ara kárọ́ọ̀tì wò. Ó rí i pé nǹkan náà yọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó gbóná dé 145.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di omi tó dà bí ìkùukùu. Nígbà tí ó dé 178.5, ó wá mọ́ gaara. Ohun tí kì í ṣe omi pátápátá, tí kì í sì í ṣe òkúta, ló rí yẹn. Otto Lehmann, ará Jámánì, ló tẹ̀ lé ìwádìí náà títí tó fi ní orúkọ.

Ó lé ní àádọ́rin ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan gidi fi ṣe. Ní 1968, George Heilmeier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà fi àwòrán hàn lórí irú omi bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Martin Schadt àti Wolfgang Helfrich ní Switzerland rí ọ̀nà tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ní 1973, George Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìlú Hull ní Ìlú Ọba kéde oríṣi kan tó lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a gbé e kaná. Láti ibẹ̀ ló ti wọ aago ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìṣírò, kó tó wá dé orí tábìlì wa.

Pẹlẹbẹ kì í dá ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tàn. Iná wà lẹ́yìn rẹ̀, omi náà wà láàárín gíláàsì méjì, ó sì ń ṣe bíi fèrèsé tí a ń ṣí tí a ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá tàbí kó má kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà.

Ohun tí olúkúlùkù fi dára

Àwa tó ń gbèjà pẹlẹbẹ ní ẹ̀rí. Ẹlẹ́yìn ńlá ínṣì 17 lè wúwo tó kílò 16. Pẹlẹbẹ ìwọ̀n kan náà kò ju bíi kílò márùn-ún lọ. Èyí àkọ́kọ́ lè jẹ wáàtì 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èkejì kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹlẹ́yìn ńlá máa ń ṣẹ́jú, bí a kò bá sì tún un ṣe kó máa sọjí tó ìgbà 85 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, orí á máa fọ́ni. Bí a bá gbé spíkà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì inú spíkà á ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó ń gbèjà ẹlẹ́yìn ńlá náà ní ẹ̀rí. Dúdú rẹ̀ dúdú, nítorí ibi tí kò bá sí ẹ̀létírọ́ọ̀nù, kò sí ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn pẹlẹbẹ máa ń yọ́ jáde, dúdú rẹ̀ á wá dà bí eérú. Bí a bá yí iye ẹ̀yọ àwòrán padà, ẹlẹ́yìn ńlá á gbà; pẹlẹbẹ ínṣì 17 ní ẹ̀yọ tirẹ̀, 1280 ní ìbú, 1024 ní òró, bí a bá sì fún un ní iye mìíràn, lẹ́tà á máa dà bí ohun tí omi kán sí. Pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú ìgbà náà lè fi ìpele 64 péré hàn fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta, nígbà tí iṣẹ́ wa ń fẹ́ 256. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá wò ó láti òkè, àwòrán á funfun. Bí a bá wò ó láti ìsàlẹ̀, á dúdú. Àmọ́ ibikíbi tí a bá jókòó sí níwájú ẹlẹ́yìn ńlá, àwọ̀ kan náà ni a ó rí.

Ìwé ìsìnkú Màmá

Ní 2004 ni mo ra pẹlẹbẹ tèmi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wá bá mi yọ̀. Ó jókòó, ó wò ó; ó dìde, ó wò ó; ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní, “Àbúrò, nǹkan yìí ń yí ojú padà. Má tíì ta ti àtijọ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti tà á.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa pàdánù ìyá rẹ̀, tó sì gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú wá, 500 ẹ̀dà. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dára ni wọ́n ní, Màmá wọ òfì, ó ń rẹ́rìn-ín. Orí tábìlì kúkúrú ni mọ́nítọ̀ mi wà, èmi sì jókòó sórí àga gíga, mò ń wò ó láti òkè. Lójú mi, ojú Màmá funfun jù. Mo mú un dúdú díẹ̀. Ó ṣì funfun. Mo tún mú un dúdú. Arábìnrin náà dúró lẹ́yìn mi, láti òkè ni òun náà ti ń wò ó, ó ní, “Bọ̀dá, ó ti dára báyìí.” A ṣe pléètì, a tẹ̀wé.

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n tú páálí. Ojú Màmá dúdú bí èédú, ẹ̀rín rẹ̀ ti pòórá, òfì rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Àbúrò Màmá, ìyá àgbà kan, mú ẹ̀dà kan, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Ta nìyí?” Kò pariwo, kò bú mi. Ìbéèrè yẹn ṣì wà létí mi dòní.

Mo tẹ 500 mìíràn lówó ara mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti kọjá. N kò di ẹ̀bi náà ru pẹlẹbẹ. Èmi ni mi ò tẹ ẹyọ kan wò lórí ìwé kí n tó tẹ 500, èmi ni mo sì ra nǹkan nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo ra ẹlẹ́yìn ńlá ínṣì 19, tòkunbọ̀, fún àwọ̀. Pẹlẹbẹ wá di ti lẹ́tà títò.

Ta ló yàn fún wa?

Ibì kan tún wà tí ó yẹ kí a wò. Kí ló dé tí tòkunbọ̀ ẹlẹ́yìn ńlá fi pọ̀ lọ́jà, tó sì pọ́ọ́kú nígbà náà? Ìdí ni pé àwọn ọ́fíìsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń kó pẹlẹbẹ wọlé, wọ́n sì ń da ti àtijọ́ nù. Ní 2005, Basel Action Network gbé ìròyìn jáde nípa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n ní púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣé tún ṣe mọ́. Gíláàsì rẹ̀ ní òjé nínú, kí ìtànṣán má baà ṣe ẹni tó ń wò ó léṣe. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n sì sun ún lórí ààtàn, òjé náà á bọ́ sí ilẹ̀ wa àti omi wa. Nítorí náà, owó pọ́ọ́kú tí a san kọ́ ni gbogbo owó ọjà náà.

Lẹ́yìn náà, ìdí tí a fi ń gbèjà ẹlẹ́yìn ńlá tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú pẹlẹbẹ tí a ń pè ní IPS, tí Hitachi ti mú jáde láti àárín ọdún 1990 sí 1999, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí bí a bá ṣípò, wá pọ́ọ́kú. Ní 2008, Sony ṣíwọ́ ṣíṣe Trinitron. Tèmi kú ní 2011, mi ò sì wá òmíràn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju mẹ́ta lọ, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mú un lọ sílé. Èkíní, ẹ má ra irinṣẹ́ nítorí pé ó jẹ́ tuntun, ẹ má sì fara mọ́ ti àtijọ́ nítorí pé ó ti mọ́ yín lára. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ bá yín ṣe. Èkejì, kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún, ẹ tẹ ẹyọ kan, kí ẹ sì gbé e síta sínú oòrùn wò. Ẹ̀kẹta, bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nǹkan, ẹ bá a bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tí a fi ń wo ara wa ṣókùnkùn. Ẹgbẹ́ wa yóò máa dàgbà sí i. Àmín.