Earpiece àbí Headphone? Ẹ Jẹ́ Ká Bi Ìtàn

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi ara wọn ní Computer Village la gbé wá lónìí: èwo ló dáa jù, earpiece tó ń wọnú etí, àbí headphone tó ń bo gbogbo etí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, torí ibẹ̀ la ti máa mọ ohun tí wọ́n ṣe kálukú wọn fún.

Látijọ́, gbogbo ilé ló jọ máa ń gbọ́ nǹkan pọ̀ l'Ékòó. Ọdún 1935 ni Rediffusion dé, ìyẹn rédíò tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé. Ẹ ò lè yí ìkànnì rẹ̀. Ètò BBC láti London wà lára ohun tó máa ń gbé, onílé á sì máa san owó oṣooṣù. Abájọ tí àwọn àgbà fi ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ṣùgbọ́n headphone ti wà l'Ámẹ́ríkà ṣáájú ìgbà yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1910, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nathaniel Baldwin, ará Utah, ń ṣe é nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó sì ń tà á fún àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tí wọ́n á fi gbọ́ ohùn rédíò tí kò lágbára. Ọdún 1958 ni John Koss gbé headphone sítẹ́ríò jáde fún àwọn tó fẹ́ gbádùn orin.

Ìrìn ẹsẹ̀ ló sọ ọ́ di kékeré. Ní July 1979, Sony gbé Walkman jáde pẹ̀lú headphone fẹ́lẹ́ onífóòmù, torí pé ẹni tó ń rìn lọ ò lè gbé ẹrù sórí. Láti ibẹ̀ ló ti ń kéré sí i títí tí ọ̀pọ̀ fi wọnú etí. Lọ́dún 2001, iPod dé pẹ̀lú earpiece funfun. Ọdún yẹn kan náà ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí fóònù wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àdúgbò Otigba ní Ìkẹjà, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, ti di ọjà wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn. Awọ kan wà nínú méjèèjì tó ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Ti headphone sábà máa ń tó mìlímítà 40. Ti earpiece kì í sábà ju 10 lọ. Ìyá ìlù àti omele ni wọ́n. Àmọ́ tí rọ́bà earpiece bá bá ihò etí yín mu dáadáa, béèsì ò ní sá jáde. Rọ́bà mẹ́ta ló sábà máa ń bá a wá nínú páálí. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò.

Ní ti ìrọ̀rùn, headphone kì í gún ihò etí, ṣùgbọ́n nínú dánfó ọ̀sán gangan, òógùn á bo etí yín, fóòmù rẹ̀ náà á sì máa bó tó bá yá. Earpiece fúyẹ́, àmọ́ ó ń kó ìdọ̀tí, ó sì lè máa dun etí. Ní ti owó, earpiece oníwáyà ló dínwó jù. Pod tí kò ní wáyà ń kọ́? Tí ẹyọ kan bá já bọ́ sínú gọ́tà, ó di ìdajì.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni ariwo. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Láti ibẹ̀ títí dé Agége, ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ àti họ́ọ̀nù ọkọ̀ ni. Tí ohun tó wà létí yín ò bá dí ariwo, ẹ̀yin náà á máa yí ohùn sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ohùn tó tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni.

Nínú ọkọ̀ òfúrufú ni Amar Bose wà lọ́dún 1978 nígbà tó ronú kan ẹ̀rọ tó lè pa ariwo rẹ́. Ariwo tó ń kùn lọ láìdúró ló ń pa jù, irú ti jẹnẹrétọ̀ gẹ́lẹ́. Tí apá yín bá ká a, ẹ ra èyí tó ní in. Tí kò bá ká a, earpiece oníwáyà tí rọ́bà rẹ̀ dí etí dáadáa sàn ju headphone olówó pọ́ọ́kú tí ariwo ń gbà wọlé.

Nítorí náà, tí ẹ bá jókòó síbi iṣẹ́, headphone ni. Tí ẹ bá ń wọkọ̀, earpiece ni. Tí ẹ bá sì fẹ́ sọdá ojú irin l'Ágége, ẹ yọ méjèèjì.

Gbogbo pátì fóònù lẹ máa rí rà l'Ótigba. Etí nìkan ni wọn kì í tà níbẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.