Àtúnkọ́ Àárín Gbùngbùn Èkó àti Ìdásílẹ̀ Sùúrùlérè

Àtúnkọ́ àárín gbùngbùn Èkó ni ètò tí Lagos Executive Development Board, tí a mọ̀ sí LEDB, gùn lé ní ọdún 1955 lórí nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Ète rẹ̀ ni láti wó àwọn ilé tí ó fún mọ́ ara wọn ní agbègbè Òpópónà Broad àti ọjà Balógun, kí a la títì tuntun, kí a sì tún ilẹ̀ náà pín. Apá kan nínú àwọn tí a lé kúrò ni a kó lọ sí ilé tí ìjọba kọ́ sí òdìkejì ọ̀sà, ní Sùúrùlérè.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni ó kọ́kọ́ bí LEDB fúnra rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn sì dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ní 1928. Nígbà tí ó fi máa di 1955, ìdí mìíràn ti kún un: òmìnira ń bọ̀, àwọn olóṣèlú kò sì fẹ́ kí àlejò bá páànù dídípẹtà àti gọ́tà tí ń rùn ní olú-ìlú. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ tìtorí ìdí kejì fojú kéré ti àkọ́kọ́. Ilé tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo, léwu fún tọmọdé tàgbà.

LEDB fi agbára òfin gba ilẹ̀, ó sì ṣèlérí pé onílẹ̀ lè ra tirẹ̀ padà bí a bá pín in tán. Ṣùgbọ́n owó ìràpadà ju owó gbà-má-bínú lọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni àwọn ará ilé ẹbí. Ilé ẹbí kì í ṣe ọjà. Babańlá ni ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ibẹ̀ ni a ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni a ti ń ṣòkú. Opó àti arúgbó ń gbé inú rẹ̀ láìsan owó ilé. Bí a bá pín owó irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ogún ọmọ-ọmọ, ìpín ta ni yóò ra yàrá kan?

Peter Marris, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí a kó lọ àti àwọn tí ó ṣẹ́kù, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn alátùn-úntò retí. Ìyá aláṣọ tàbí alátẹ tí ń tajà níwájú ilé rẹ̀ ní Erékùṣù kò rí oníbàárà mọ́ ní Sùúrùlérè, nítorí èrò kò tíì pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ní kí òun máa lọ sí ọjà àtijọ́, owó ọkọ̀ yóò jẹ èrè tán. Ọkọ tí kò fún ìyàwó ní owó oúnjẹ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń gbé gbogbo ẹrù ilé nìkan, lórí owó ilé tuntun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní láti rán aya àti ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Àwọn aránṣọ náà pàdánù oníbàárà. Àbẹ̀wò sí àwọn àgbà dínkù, bẹ́ẹ̀ sì ni owó kékeré tí a máa ń fi sí wọn lọ́wọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ arúgbó gbójú lé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó kábàámọ̀. Inú àwọn kan dùn sí omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti àyè tí ọmọ lè ṣeré sí. Àwọn tọkọtaya mìíràn sì dúpẹ́ pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ àna. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó oṣù ni ó sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀; ẹni tí òwò rẹ̀ so mọ́ àdúgbò kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn.

Lórí ilẹ̀ tí a gbà, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì gòkè díẹ̀díẹ̀. Sùúrùlérè náà di àdúgbò iyì. Ní 1972 a kọ́ Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò ní oṣù Keje 1990, àwọn tí a lé lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó rí ilé gbà, ní Ìlàsán àti Ìkọ̀tá.