Oògùn Oníjàánu

Màmá kan jókòó sórí bẹ́ńṣì nílé ìtajà oògùn kan ní Èrúwà. Ó ṣubú lóko, apá rẹ̀ kán. Ọmọ rẹ̀ gba ìwé tí dókítà kọ, ó rí “tramadol”, ló bá ní: “Màámi, oògùn olóró lèyí o! Ẹ má gbé e mì.” Wọ́n dìde lọ. Mo ṣì ń rí bí màmá yẹn ṣe fi ọwọ́ kan gbé èkejì mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ló lé e lọ. Oró ni ti ejò, oró ni ti àkeekèé; ohun tó bá ti lóró, ta ni yóò fẹ́ gbé e mì? Bẹ́ẹ̀ òfin kò pa gbogbo oògùn báwọ̀nyí pọ̀. Tramadol mílígíráàmù 50, dókítà lè kọ ọ́ fún aláìsàn. Ti 225 tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Nàìjíríà, kò fọwọ́ sí i.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Èrúwà wà, kò láṣẹ lórí òfin oògùn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gbé e fún ìjọba àpapọ̀ nìkan, ní nọ́ńbà 21: “oògùn àti májèlé”. Ẹ wò ó, méjì ni òfin pè é. Àwa la so ó pọ̀ di ẹyọ kan.

Fún oògùn tí òfin ń ṣàkóso, “controlled substance” lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo dábàá “oògùn oníjàánu” dípò “oògùn olóró”. A kì í pa ẹṣin torí pé ó lágbára, ìjánu la ń kó sí i lẹ́nu. A sì ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí èèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ìjánu sì ní ìwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà máa ń pín oògùn sí ìsọ̀rí, bí òfin àpapọ̀ ti 1970 ṣe pín in sí márùn-ún. Èyí tó le jù ni wọ́n fi ṣe ìkíní. Bí a bá tú u sí “ìkíní” bẹ́ẹ̀, ọmọ Èrúwà yóò rò pé oògùn ìkíní ló dára jù, torí ẹni tó ṣe ipò kìíní la ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ìjánu fífún àti ìjánu dídẹ̀: ìyẹn yóò yé ẹni tó ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ká ní apòògùn ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ni, ì bá wí pé: “Ẹ jókòó, màmá. Oògùn oníjàánu ni. Bí dókítà ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ lò ó, ẹ má fi kún un, ẹ má fún ẹlòmíì.”